Ọmọ kì í ṣe adájọ́: Ohun tí ìwé ìtàn Sefi Atta sọ nípa ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ láti Jakande títí dé abẹ́ bíríìjì Ajah, àwọn ọmọ kan máa ń wà nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe ilé tí wọ́n ti jáde láàárọ̀ ni wọ́n ń padà sí. Ilé kejì ni wọ́n ń lọ. Aṣọ ọjọ́ méjì wà nínú báàgì ilé ìwé wọn. Ìyá ń gbé Sangotedo, bàbá ń gbé Lekki Phase 1, ọmọ wà láàrin, lójú ọ̀nà.

Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, ìbéèrè ti ń dúró dè wọ́n. "Kí ni màmá ẹ sọ nípa mi?" Bí wọ́n bá padà lọ́jọ́ Àìkú, ìbéèrè mìíràn tún wà ńlẹ̀. "Ta lo bá nílé bàbá ẹ?" Ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá kì í kàn dáhùn kó sì gbàgbé. Ó ń da ọ̀rọ̀ náà rò nínú ara rẹ̀. Kó tó pẹ́, ó ti dájọ́: ẹnìkan jàre, ẹnìkan jẹ̀bi.

Ìwé ìtàn àròsọ kan wà tó sọ ohun tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ọmọ, àti iye ọdún tó lè gbà kó tó yí ìdájọ́ ọ̀hún padà. Everything Good Will Come ni orúkọ rẹ̀. Sefi Atta ló kọ ọ́, ọdún 2005 ló jáde. Ìkòyí, létí ọ̀sà, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Eti-Ọ̀sà tí Lekki àti Ajah náà wà lónìí.

Ta ni Ẹnìtàn?

Ẹnìtàn Táíwò ni ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, títì márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kò tíì sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí afárá kankan láti Ìkòyí sí Lekki. Ọdún 2013 ni èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ di lílò.

Lọ́yà ni bàbá Ẹnìtàn, ilé wọn tóbi, wọn kò ráhùn owó. Àmọ́ àlàáfíà kò sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ti wà nínú ilé yẹn rí. Àìsàn sickle cell, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ló pa á. Láti ìgbà náà, ìyá ti fi gbogbo ara fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kò fara mọ́ irú ìsìn bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré a dìjà, ìjà a dọ̀rọ̀ àná, ọ̀rọ̀ àná a tún jí ikú ọmọ dìde.

Ojú kan náà ni Ẹnìtàn fi ń wo gbogbo rẹ̀. Bàbá ń bá a ṣeré, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní làákàyè, ó fẹ́ kó kàwé. Ìyá le, ìyá ń bá a wí, ìyá ń fà á lọ sí ìsìn tí kò wù ú. Ọmọ wo ni kò ní sún mọ́ bàbá?

Orí ìwé náà pín sí ọdún mẹ́rin: 1971, 1975, 1985 àti 1995. Òǹkàwé rí Ẹnìtàn gẹ́gẹ́ bí ọmọdé, ó rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́langba ní ilé ìwé bọ́díǹ, lẹ́yìn náà ó di lọ́yà tó ti òkè òkun dé, ó sì di ìyàwó ilé. Láàrin àkókò yìí, ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ fọ́. Nígbà tó máa fi padà wálé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olúkúlùkù ti ń gbé níbi tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá ni Ẹnìtàn wà, ọ́fíìsì bàbá náà ló ti ń ṣiṣẹ́.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí ọmọ inú ìwé yìí ṣe gan-an nìyẹn, kì í sì í ṣe pé ó jẹ́ òṣìkà. Ọmọdé ni. Ẹnu ẹni tó bá fẹ́ràn jù ló ti máa ń gbọ́ ẹjọ́.

Ìyá rẹ̀ kò ṣàlàyé ara rẹ̀. Bóyá ó rò pé kò yẹ kí òun máa rojọ́ fún ọmọ, bóyá ìbànújẹ́ ti dì í lẹ́nu. Ohun tí ọmọ rí ni aṣọ ìsìn, ààwẹ̀ àti ojú tó le koko. Kò rí obìnrin tó sin ọmọkùnrin rẹ̀, tó sì ń wá ẹni tó máa sọ fún un pé kì í ṣe òun ló fà á.

Nígbà tí Ẹnìtàn ti dàgbà tó sì ti di lọ́yà ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó ṣàwárí pé bàbá tí òun ń gbèjà láti kékeré ní ọmọkùnrin kan níta, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Ọ̀rọ̀ náà dá wàhálà sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì, ó sì fi ilé bàbá sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni ohun tí ìyá rẹ̀ ti ń gbé mì láti ọdún pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Ibi tí ìwé náà ti dára jù nìyí, nítorí ó rọrùn fún òǹkọ̀wé láti yí ẹ̀bi náà padà báyìí: kí bàbá di èṣù, kí ìyá di áńgẹ́lì. Sefi Atta kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ti bàbá Ẹnìtàn mọ́lé láìgbẹ́jọ́, ọmọ yìí náà ló ń sá sókè sódò nítorí rẹ̀. Ó mọ ohun tí bàbá ṣe. Bàbá rẹ̀ náà sì ni. Ìyá pẹ̀lú ní àṣìṣe tirẹ̀, ìwé náà kò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Ó pẹ́ tí Ẹnìtàn ti ń wo ara rẹ̀ nínú dígí kó tó rántí wúrà. Nígbà tó sì rántí wúrà, kò fọ́ dígí. Ọjọ́ tó lè wo àwọn méjèèjì láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pátápátá ni ó tó ka ara rẹ̀ sí àgbà.

Ilé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ńkọ́?

Ìtàn Ṣẹrí Bákàrè, ọ̀rẹ́ Ẹnìtàn, tún wà níbẹ̀. Ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn Táíwò. Ilé olórogún ni, ó kún fún ọmọ, ariwo àti oúnjẹ. Lójú Ẹnìtàn tó ń dá nìkan wà nínú ilé ńlá, ayọ̀ ló wà ní ọ̀dọ̀ wọn.

Àmọ́ Ṣẹrí náà kò ní ìyá tirẹ̀ lọ́dọ̀. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀, kò sí nínú ayé rẹ̀ mọ́. Ìyá bàbá rẹ̀, Àlájà, ló tọ́ ọ dàgbà. Òun náà jẹ́ ọmọ tí ìbáṣepọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ dópin, ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é ní ìkọ̀sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ajah, Badore tàbí Ìlàsàn ló máa mọ irú èyí. Ilé ẹjọ́ kò dá sí i, kò sí ìwé kankan. Bàbá kàn kó lọ, tàbí ìyá kó lọ, wọ́n sì fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Nǹkan kan náà ló ń ṣe ọmọ tí wọ́n jà sí ní kóòtù àti ọmọ tí wọn kò bá sọ ohunkóhun: àwọn méjèèjì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ló fà á.

Ó yẹ kí àwọn òbí mọ nǹkan kan kí wọ́n tó fún ọmọ ní ìwé náà o. Ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e, ó sì le láti kà. Fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́rìndínlógún, á dára kí òbí kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ta ni Sefi Atta?

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Sefi Atta sí lọ́dún 1964. Ó lọ sí Queen's College ní Yábàá kó tó lọ kàwé sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìṣírò owó ló kọ́ kó tó gbájú mọ́ ìwé kíkọ ní Amẹ́ríkà. Everything Good Will Come ni ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òun ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Wole Soyinka fún lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 2006. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ rẹ̀ lè ti rí iṣẹ́ rẹ̀: ìwé rẹ̀ mìíràn, Swallow, ni Kúnlé Afọláyan sọ di fíìmù tó jáde lọ́dún 2021.

Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn lágbàáyé ti kọ irú ìtàn yìí. Jacqueline Wilson kọ The Suitcase Kid nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1992, nípa ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ń gbé báàgì láti ilé ìyá sí ilé bàbá. Fíìmù Mrs. Doubtfire tí ọ̀pọ̀ èèyàn rí lọ́dún 1993 wá láti inú ìwé Anne Fine. Bàbá inú rẹ̀ múra bí ìyá arúgbó kó lè máa rí àwọn ọmọ rẹ̀. Nínú fíìmù náà, tọkọtaya kò padà sọ́dọ̀ ara wọn. Ohun tí wọ́n yanjú ni bí bàbá á ṣe máa rí ọmọ.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú ìwé Sefi Atta ni pé kò dúró síbi ìyanjú yẹn. Ó tẹ̀ lé ọmọ náà fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó fi hàn pé bí kóòtù bá parí iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Kí ni òfin sọ nípa ọmọ?

Ọdún kan ṣáájú ibi tí ìtàn Ẹnìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn lọ́dún 1970, ni ìjọba gbé òfin Matrimonial Causes jáde. Òfin yẹn náà ni kóòtù ṣì ń lò ní Nàìjíríà. Ohun tó yẹ kí àwọn òbí mọ̀ nínú rẹ̀ nìyí:

Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní régístírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Kóòtù ìbílẹ̀ kò ní agbára lórí rẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni kóòtù ìbílẹ̀ lè tú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, tí wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé àwọn ṣì jẹ́ tọkọtaya lójú òfin.

Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì kò lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àyàfi tí kóòtù bá kọ́kọ́ gbà á láyè. Ìdí kan ṣoṣo ni kóòtù sì mọ̀: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àgbèrè, ìfìyàjẹni, pípa ẹnìkejì tì, tàbí gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta wà lára ohun tí wọ́n lè fi jẹ́rìí sí i.

Bí adájọ́ bá dájọ́ pé kí wọ́n túká, kò tíì tán. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ìdájọ́ náà tó fìdí múlẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún bá wà níbẹ̀, oṣù mẹ́ta yẹn nìkan kò tó. Adájọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé ètò gidi ti wà fún ìtọ́jú ọmọ náà àti ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Lórí ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ máa gbé, òfin ní ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Lábẹ́ àṣà, bàbá ló ni ọmọ. Lábẹ́ òfin yìí, ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Adájọ́ lè ní kí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ lọ wo bí ọmọ ṣe ń gbé kó tó pinnu. Owó nìkan kò gba ọmọ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún nìkan kò gbà á.

Ìpínlẹ̀ Èkó tún ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 2007. Ọmọ ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún lójú òfin náà. Ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú látọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, yálà wọ́n ń gbé pọ̀ tàbí wọn kò gbé pọ̀. Bàbá tó bá ní òun kò ní san owó ilé ìwé nítorí pé ìyá kò jẹ́ kí òun rí ọmọ, tàbí ìyá tó bá ní ọmọ kò ní lọ sọ́dọ̀ bàbá nítorí pé owó kò wọlé, ọmọ ni wọ́n fi ń gbẹ̀san.

Kí ni òbí lè ṣe?

Òfin lè sọ ilé tí ọmọ á máa sùn. Kò lè sọ ohun tí wọ́n á máa sọ létí rẹ̀ nínú ilé náà. Ibẹ̀ ni ìwé Sefi Atta ti wúlò.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí òbí sọ fún ọmọ pé kì í ṣe òun ló fà á. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun tí kò yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ, àmọ́ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún á wá ìdáhùn fúnra rẹ̀, ìdáhùn tó sì máa ń rí ni pé òun ni.

Èkejì ni pé kí ìyá àti bàbá má fi ọmọ ránṣẹ́ ìjà. "Sọ fún bàbá ẹ pé kó fi owó ránṣẹ́" dà bí ọ̀rọ̀ lásán. Lójú ọmọ, òun ti di bélífù tó ń gbé ìwé ẹjọ́ láti ilé kan sí èkejì. Fóònù wà lọ́wọ́ àgbà, kí àgbà pe àgbà.

Ẹ̀kẹta le díẹ̀. Òbí tó bá dákẹ́ pátápátá, bí ìyá Ẹnìtàn, kì í ṣe pé ó ń dáàbò bo ọmọ. Ó ń fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ fi èrò tirẹ̀ kún un. Ọmọ kò nílò gbogbo àṣírí yàrá. Ó nílò òtítọ́ tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, ó sì dára kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ ju kó ṣèèṣì kàn án lójú ọ̀nà lẹ́yìn ogún ọdún.

Ọmọ náà ńkọ́? Ọ̀dọ́ tó wà nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè má lágbára lórí ilé ẹjọ́ tàbí lórí àwọn òbí rẹ̀. Ó lágbára lórí ohun kan: ó lè kọ̀ láti dájọ́. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló jẹ̀bi, ó lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èmi sí i, ẹ̀yin méjèèjì lẹ bí mi." Kì í ṣe àfojúdi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, tí kò lè sùn tàbí kàwé mọ́, kó sọ fún àgbà tó fọkàn tán, bóyá ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n òbí tàbí tíṣà rẹ̀.

Níbo ni ìrànlọ́wọ́ wà?

Àwọn òbí tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé kóòtù lè lọ sí Citizens' Mediation Centre, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 1999. Iṣẹ́ wọn ni láti jókòó ti àwọn tó ń jà, kí wọ́n lè fẹnu kò, títí kan ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Office of the Public Defender. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Bí ìlù tàbí ìfìyàjẹni bá wà nínú ilé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlàjà mọ́: àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ kàn sí.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láàrin ọkọ àti ìyàwó. Àmọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ń bọ̀, ọjọ́ ìkómọ ń bọ̀, àwọn méjèèjì á sì jókòó sí iwájú. Ohun tí ọmọ máa rántí lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹni tó jàre ní kóòtù. Ohun tó máa rántí ni ilé tí wọ́n ti jẹ́ kó fẹ́ràn ẹnìkejì láìbẹ̀rù, bó bá wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.